Òṣìṣẹ́ Wà Lábẹ́ Ilẹ̀: Ìrìn Láti Abúlé Mẹkáníìkì Dé Ìdí Ààrò

Ilẹ̀ abúlé mẹkáníìkì yìí kò ní àwọ̀ erùpẹ̀ mọ́. Láti ẹnu géètì títí dé ìdí ògiri ẹ̀yìn, dúdú ni, ó ń dán, ó sì le gbagidi lábẹ́ bàtà. Òjò rọ̀ mọ́jú, àmọ́ omi rẹ̀ kò ráyè wọlẹ̀. Ó dá sínú kòtò kéékèèké káàkiri, epo tẹ́ lójú rẹ̀, ó ń yọ àwọ̀ búlúù àti pupa bí oòrùn ṣe ń ràn sí i. Ìdí ògiri nìkan ni koríko díẹ̀ ti rí ibi hù sí, ewé wọn sì ti pọ́n.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni, nílùú Ìbàdàn. Obìnrin tí mo bá rìn wá síbí jẹ́ olùkọ́ yunifásítì tó ti pẹ́ nídìí ìwádìí kòkòrò àìfojúrí. Ohun tó wà nínú báàgì rẹ̀ kò ju tírówẹ̀lì birikìlà kan, àwọn ọ̀rá tó mọ́, àti bírò tí yóò fi kọ orúkọ ibi tó ti bu erùpẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ògún á gbè yín o."

"Àṣẹ o, Dókítà. Ẹ tún ti wá bu ilẹ̀ wa," ni alága àwọn mẹkáníìkì ibẹ̀ dá a lóhùn. Bàbá náà ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ọwọ́, ó fa àga onírọ́bà kan sí wa, ó sì pa á láṣẹ fún àwọn ọmọṣẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ ká rìn débi tó bá wù wá.

Níwájú wa, ọmọṣẹ́ kan yọ́ sábẹ́ Camry aláwọ̀ eérú kan. Ó fi sípánà tú nọ́ọ̀tì tó wà nídìí ẹ́ńjìnì. Ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í dà, ó dúdú kirikiri, ó sì gbóná débi pé ọmọ náà yára fa ọwọ́ sẹ́yìn. Kẹ́ẹ̀gì kan tí wọ́n gé lórí ni wọ́n gbé sábẹ́ rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù bọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, èyí tó ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọlẹ̀ lọ. Nígbà tó gbé kẹ́ẹ̀gì náà lọ dà sínú dúrọ́ọ̀mù, ó kán sílẹ̀ láti ìdí ọkọ̀ títí dé ìdí dúrọ́ọ̀mù. Kò sẹ́ni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọdún pípẹ́.

Mo bi bàbá léèrè ibi tí ọ́ìlì inú dúrọ́ọ̀mù ń lọ.

"Àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù máa ń wá rà á, wọ́n á fi pa mọ́ọ̀dù wọn. Káfíńtà náà ń rà á, ó ń fi kun igi kí ikán má jẹ ẹ́. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò bá rà, ilẹ̀ náà ni."

Ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnì ti lò burú ju tuntun lọ. Iná ẹ́ńjìnì ti sè é lásètúnsè, ó ti sọ apá kan rẹ̀ di àwọn èròjà olóruka tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Irin tó ń ha irin sì ti da èéfọ́ lẹ́ẹ̀dì, síǹkì àti kọ́pà sínú rẹ̀. EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó àyíká, sọ pé ọ́ìlì tí wọ́n tú lára ọkọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè ba mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù omi mímọ́ jẹ́. Ẹ wá ro iye ọkọ̀ tó ń wọ ọgbà yìí láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì rántí pé kànga wà ní ilé tó kángun sí ògiri ẹ̀yìn.

Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi tírówẹ̀lì gbẹ́ ilẹ̀ náà. Òkè rẹ̀ yọ ní èèpá bí ó ṣe ń ha á. Nígbà tó fi máa jìn tó ìka ọwọ́ kan, àwọ̀ rẹ̀ ti ń di àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ òórùn ọ́ìlì kò kúrò. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún mi. Ó wúwo, ó ń yọ̀ láàárín ìka, ó sì lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ mi débi pé omi nìkan kò lè ṣàn án kúrò.

"Gbogbo ẹni tó bá rí ilẹ̀ yìí ló ń rò pé ó ti kú," ó sọ bí ó ṣe ń di ẹnu ọ̀rá. "Kò kú o. Ebi ló ń pa á."

Ìgò méjì, àwo mẹ́ta

Yàrá ìwádìí rẹ̀ kò tóbi. Tábìlì gígùn kan gba àárín rẹ̀, fíríìjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ̀rọ kan tó ń mi ìgò láìsinmi sì wà nítòsí fèrèsé. Iná mànàmáná lọ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mo wà níbẹ̀. Bí ó ṣe ń lọ ni ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan ń sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀, torí kòkòrò tí ooru rẹ̀ kò bá dúró sójú kan lè ba iṣẹ́ oṣù mélòó kan jẹ́.

Ó gbé ìgò méjì kúrò lórí ẹ̀rọ amìgò, ó sì gbé wọn síwájú mi. Ohun kan náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ nínú méjèèjì: omi tí wọ́n ti sè kí kòkòrò kankan má ṣẹ́ kù síbẹ̀, ìwọ̀nba iyọ̀ bíi mélòó kan, àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnì. Kò sí ṣúgà, kò sí oúnjẹ mìíràn. Nínú èkíní, ọ́ìlì léfòó lórí omi, ó nípọn, ó dúdú, omi ìsàlẹ̀ sì mọ́ gaara. Nínú èkejì, wọ́n fi erùpẹ̀ abúlé mẹkáníìkì sí i, ìwọ̀nba tí èèyàn lè fi ìka méjì mú. Ó ti lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí ẹ̀rọ. Ọ́ìlì orí rẹ̀ ti já sí wẹ́wẹ́, ó ti di ẹ̀kán kéékèèké tó ń yí nínú omi. Omi náà ti dà rú, ó ti fẹ́ dà bí omi ògì. Ìdàrúdàpọ̀ inú omi yẹn ni kòkòrò náà fúnra wọn, àìmọye mílíọ̀nù tó ti bí sí i látinú ìwọ̀nba díẹ̀ tó wà nínú erùpẹ̀.

Kò rà wọ́n lọ́jà, kò gbé wọn wá láti òkè òkun. Inú ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni wọ́n ti wá. Pseudomonas wà lára wọn, Bacillus wà níbẹ̀, Acinetobacter náà sì máa ń wà. Epo rọ̀bì kì í ṣe àjèjì sí wọn, torí ó ti ń sun jáde láti abẹ́ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kí èèyàn tó gbẹ́ kànga epo kankan. Ibi tí epo bá wà, àwọn tó ń jẹ ẹ́ ló máa ń borí àwọn yòókù.

Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ rèé. Epo àti omi kì í rẹ́, nítorí náà kòkòrò náà á kọ́kọ́ sun ohun kan jáde lára tó ń ṣe iṣẹ́ ọṣẹ, tó ń fọ́ epo sí wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn so mọ́ èròjà epo náà, wọ́n á sì máa gé e kúkúrú díẹ̀díẹ̀, títí tí ohun tó ṣẹ́ kù kò fi ní ju omi àti afẹ́fẹ́ tí a ń mí síta lọ. Èyí tó gùn gbọọrọ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ jẹ. Èyí tó ní ẹ̀ka á tẹ̀ lé e. Àwọn olóruka ló máa ń pẹ́ jù.

Kí ló wá dé tí ilẹ̀ mẹkáníìkì fi dúdú títí di òní, nígbà tí àwọn tó lè jẹ epo yìí ń gbé inú rẹ̀? Epo ń fún wọn ní agbára, àmọ́ náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń kọ́ ara wọn kò sí nínú epo tó bó ṣe yẹ. Wọ́n dà bí ẹni tí wọ́n gbé òkìtì ẹ̀bà síwájú rẹ̀ láìbu ọbẹ̀ sí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ilẹ̀ náà ti le jù, afẹ́fẹ́ kò wọ inú rẹ̀, omi kò sì wọ inú rẹ̀. Ebi tí Dókítà ń wí nìyẹn.

Ó fi àwo mẹ́ta hàn mí lẹ́bàá fèrèsé. Erùpẹ̀ kan náà ló wà nínú wọn. Èkíní wà bí wọ́n ṣe bù ú. Wọ́n da ìgbẹ́ adìẹ gbígbẹ pọ̀ mọ́ èkejì. Wọ́n da ìgbẹ́ adìẹ pọ̀ mọ́ ẹ̀kẹta náà, wọ́n sì ń wọ́n omi sí i, wọ́n ń fi ọwọ́ yí i po kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n gbin àgbàdo sínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú àwo kìíní, hóró àgbàdo ti wú, ó sì ti jẹrà. Nínú èkejì, ọ̀kan tàbí méjì yọrí, wọ́n tín-ín-rín. Nínú ẹ̀kẹta, àgbàdo ti yọ ewé mẹ́ta-mẹ́ta, ó tutù yọ̀yọ̀. Mo ki ìka bọ inú erùpẹ̀ rẹ̀. Ó fúyẹ́, ó já sọ́wọ́, òórùn ọ́ìlì inú rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ gan-an.

"Ìgbẹ́ adìẹ tí àwọn olóko adìẹ ń wá ibi dà sí ni o," Dókítà sọ. "A ò ra ajílẹ̀ kankan."

Ìwádìí báyìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa. Ní Yunifásítì Èkó, Olukayode Amund, Matthew Ilori, Sunday Adebusoye àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí àwọn kòkòrò ilẹ̀ wa tó ń jẹ epo, wọ́n sì tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2007 lórí àwọn tó ń gbé inú odò kan tí epo ti bà jẹ́. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Clementina Adenipekun gbájú mọ́ olú. Lọ́dún 2008, òun àti Omoanghe Isikhuemhen tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí bí olú kan tó ń jẹ́ Lentinus squarrosulus ṣe ń tún ilẹ̀ tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì bà jẹ́ ṣe. Igi gbígbẹ ni irú olú bẹ́ẹ̀ ń jẹ. Ohun tó mú kí igi le ní oruka tó jọ ti àwọn èròjà olóruka inú epo, nítorí náà oje tí olú fi ń jẹ igi lè ṣiṣẹ́ lára ohun tí bakitéríà ń pẹ́ kó tó jẹ.

Àwọn orílẹ̀-èdè ńlá náà ti gbé irú ọgbọ́n yìí jáde síta gbangba. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Exxon Valdez da epo rọ̀bì tó tó mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù mọ́kànlá sínú òkun ní Alaska lóṣù kẹta ọdún 1989, ara ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n wọ́n ajílẹ̀ sí àwọn etíkun tí epo kàn, kí kòkòrò tó ti ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè yára ṣiṣẹ́.

Ibi tí agbára wọn mọ

Mo bi Dókítà pé ṣé a lè máa da epo sílẹ̀ láìbẹ̀rù nígbà náà. Ó mi orí kíákíá.

Kòkòrò kò lè jẹ irin. Lẹ́ẹ̀dì tó wà nínú ọ́ìlì yóò ṣì wà nínú ilẹ̀ lẹ́yìn tí epo ti tán. Àwọn kan ń gbin ewéko tó ń fa irin sára, wọ́n á sì tu wọ́n kúrò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọdún gbọọrọ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ́ìlì tí kò kan ilẹ̀ rárá ló dára jù.

Ohun kejì ni ìjìnlẹ̀. Epo kì í dúró sójú ilẹ̀ dè wá. Lóṣù kẹjọ ọdún 2011, UNEP, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, gbé ìjábọ̀ jáde lórí ilẹ̀ Ògóní ní ìpínlẹ̀ Rivers. Ní Nsisioken Ogale, wọ́n bá bẹ́ńsíìnì, èròjà tó ń fa jẹjẹrẹ, nínú omi kànga tí àwọn ará ibẹ̀ ń mu. Ó lé ní ìlọ́po 900 iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí. Ibi 49 ni wọ́n ti rí epo tó ti wọlẹ̀ tó mítà márùn-ún, ó kéré tán. Ọ̀nà tí wọ́n sì ti ń gbà tọ́jú ilẹ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n máa ro ojú ilẹ̀, kí wọ́n da ajílẹ̀ sí i, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún kòkòrò. UNEP sọ ọ́ láìfi bò pé ọ̀nà náà kò gbéṣẹ́. Iṣẹ́ tí ọkọ́ ń ṣe lókè kò dé ibi tí epo wà nísàlẹ̀. Wọ́n ní títún ilẹ̀ náà ṣe lè gba ọdún 25 sí 30.

Àìtètèmólè, olè ń mólóko. Epo tó dà lónìí, tí a bá bá a lójú ilẹ̀, kòkòrò àti ìgbẹ́ adìẹ lè kápá rẹ̀. Epo tí a fi sílẹ̀ títí tó fi dé ìdí omi, owó tí yóò gbà àti ọdún tí yóò gbà kúrò ní kékeré. Ohun tí àwo àgbàdo kẹta fi hàn lójú fèrèsé jẹ́ òótọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ògóní náà sì jẹ́ òótọ́. Ẹni tó bá fi ọ̀kan pa èkejì mọ́ lẹ́nu, ó fẹ́ tan àwọn aráàlú jẹ ni.

Nínú àgbá tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀

Lọ́sàn-án, a gba odò ẹran kọjá lọ sí oko kan lẹ́yìn ìlú. Àwọn alápatà ti pa èyí tó pọ̀ jù nínú ẹran òòjọ́. Ẹ̀jẹ̀ àti omi ìfọṣàkì ń ṣàn nínú gọ́tà lọ sínú odò kékeré kan, àwọn ẹyẹ lékeléke sì tò sétí rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni òkìtì koríko tútù tí wọ́n dà nù látinú ṣàkì wà, èyí tí màlúù ti jẹ àmọ́ tí kò tíì dà nínú rẹ̀. Ó ń rú èéfín nínú oòrùn, òórùn rẹ̀ sì ń ta sí wa nímú láti ọ̀nà jíjìn.

Dókítà ní kí n wo òkìtì yẹn dáadáa. Oríṣi kòkòrò mìíràn ló wà nínú rẹ̀, àwọn tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sétí rárá. Inú ikùn màlúù ni ilé wọn. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, gáàsì mẹ́téènì ni wọ́n ń tú jáde, ohun kan náà tó ń jó nínú gáàsì tí wọ́n ń fà láti abẹ́ ilẹ̀. Tí òkìtì náà bá ń jẹrà síbẹ̀ lásán, mẹ́téènì rẹ̀ ń gòkè lọ sínú òfuurufú, ó sì lágbára láti mú ayé gbóná ní nǹkan bí ìlọ́po 28 ti káábọ́ọ̀nù dáyọ́síáìdì tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀sọ́ọ̀sì, tí a bá ṣírò rẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Tí a bá sé e mọ́, ó di iná ìdáná.

Ẹni tó ń tọ́jú àgbá gáàsì oko náà jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin kan tó gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ó kí Dókítà, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì mú wa lọ sídìí àgbá náà ní tààrà. Wọ́n gbẹ́ kòtò sílẹ̀, wọ́n fi bíríkì àti sìmẹ́ńtì mọ ọ́n, wọ́n wá da àgbá irin kan bo ojú rẹ̀. Ó da ẹlẹ́bọ́tọ àti omi pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà sínú ìkòkò sìmẹ́ńtì tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ki ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ bọ inú rẹ̀, ó ń ṣa òkúta àti pàǹtí igi kúrò, ó ń fọ́ èyí tó dì, títí tó fi ki bí ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Ó wá ṣí ìdérí, ó ṣàn wọlé.

"Tí mo bá jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ wọ inú rẹ̀, sà, ìdí rẹ̀ á kún, iṣẹ́ á dúró," ó ṣàlàyé fún mi. "Tí mo bá fi ọṣẹ fọ ibùjẹ ẹran tí omi rẹ̀ wá dé ibí, ó máa pa wọ́n."

Nínú àgbá náà, àwọn kan á kọ́kọ́ fọ́ koríko àti ọ̀rá sí kéékèèké. Àwọn mìíràn á sọ ọ́ di kíkan. Àwọn tó kẹ́yìn á sọ kíkan náà di mẹ́téènì. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, oṣù kan sí ogójì ọjọ́ tó fún wọn láti parí iṣẹ́ lórí ẹlẹ́bọ́tọ tó bá wọlé. Gáàsì tó ń jáde máa ń jẹ́ mẹ́téènì ní ìdá 50 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Kílò kan ẹlẹ́bọ́tọ tútù lè mú nǹkan bí ogójì lítà gáàsì wá, mítà onígun mẹ́ta kan gáàsì yìí sì ní agbára tó lé díẹ̀ ní ìdajì lítà dísẹ́ẹ̀lì.

Bí gáàsì ṣe ń pọ̀ ni àgbá irin náà ń dìde. Ọ̀dọ́kùnrin náà fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ara rẹ̀ láàárọ̀, ó sì fi hàn mí pé ìlà náà ti ga sókè ju ojú omi lọ dáadáa. Páìpù kan gba inú ike tí wọ́n fi èérún irin kún kọjá. Irin yẹn ló ń gba èròjà tó ń rùn bí ẹyin jíjẹrà kúrò nínú gáàsì, kó má baà jẹ ààrò àti ẹ̀rọ. Ohun tó ṣàn jáde lódìkejì àgbá náà kò fi bẹ́ẹ̀ rùn mọ́. Ó ń wọ ebè ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lọ, torí náítírójìn inú ìgbẹ́ kò bá gáàsì jáde. Ajílẹ̀ ni.

Irú ọgbọ́n yìí ti pẹ́ lágbègbè wa. Ní Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ Songhai tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ lọ́dún 1985 ń fi ìgbẹ́ ṣe gáàsì, ó sì ń fi ohun tó ṣẹ́ kù bọ́ ilẹ̀. Nílùú Ìbàdàn níbí, ètò Cows to Kilowatts tí Joseph Adelegan ṣagbátẹrù rẹ̀, láti sọ ẹ̀gbin odò ẹran Bódìjà di gáàsì, gba ẹ̀bùn Seed Award lọ́dún 2005. Ìmọ̀ náà kò jìnnà sí wa nígbà kankan.

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, gbogbo onímọ́tò ló ń gbọ́ nípa CNG, gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ sínú sílíńdà fún ọkọ̀. Mẹ́téènì ló pọ̀ jù nínú CNG náà. Ó mọ́ ju bẹntiróòlù lọ, àmọ́ abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń wá, ọjọ́ kan á sì tán. Tí wọ́n bá fọ gáàsì inú àgbá yìí mọ́, tí wọ́n fún un pọ̀ sínú sílíńdà, ọkọ̀ kan náà lè lò ó. Ní tirẹ̀, ìgbà tí màlúù bá tán nílẹ̀ Yorùbá ló máa tán.

Ìdáná méjì

Ilé ìdáná méjì ló wà ní oko yẹn. Èyí àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ fún àsè ńlá. Igi ni wọ́n ń dá níbẹ̀. Páànù òrùlé rẹ̀ dúdú, aràn èéfín so rọ̀ láti ara rẹ̀, ojú mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta kí n tó lo ìṣẹ́jú méjì níbẹ̀. Ní èkejì, ìyá kan ń ro àmàlà lórí gáàsì àgbá náà. Iná rẹ̀ búlúù, kò pariwo, ìdí ìkòkò rẹ̀ sì mọ́. Mo bi ìyá pé èwo ló wù wọ́n nínú méjèèjì.

"Ọmọ mi, ikọ́ tí mo ti wú nínú ìyẹn tó gẹ́ẹ́," wọ́n dáhùn, wọn ò gbé ojú kúrò nídìí àmàlà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín inú ilé ìdáná pa èèyàn mílíọ̀nù 3.2 kárí ayé lọ́dún 2020. Ní Ìbàdàn yìí gan-an ni wọ́n ti ṣe ọ̀kan nínú ìwádìí tó ṣe kedere jù lórí ohun tí iná tó mọ́ lè ṣe fún aboyún. Christopher Olopade láti Yunifásítì Chicago àti Oladosu Ojengbede láti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tó ṣe é. Láti ọdún 2013 sí 2015, wọ́n gba aboyún 324 tó ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná. Wọ́n fún ìdajì wọn ní sítóòfù tó ń lo ẹ́tánọ́ọ̀lù, ìdajì yòókù sì ń bá èyí tí wọ́n ń lò lọ. Nínú àwọn tó ń lo kẹrosíìnì tẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru mú ìdá 8.8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò yí padà, ó sì mú ìdá 1.8 péré nínú àwọn tó gba sítóòfù tuntun. Ọmọ tí àwọn oní-ẹ́tánọ́ọ̀lù bí sì wúwo ju ti àwọn yòókù lọ ní nǹkan bí 88 gíráàmù ní ìpíndọ́gba.

Ẹ́tánọ́ọ̀lù náà, iṣẹ́ kòkòrò ni. Ìwúkàrà tó ń mú ẹmu kan ló ń mú un jáde látinú ṣúgà ìrèké tàbí ti sítáàṣì ẹ̀gẹ́. Ẹ wá to gbogbo rẹ̀ pọ̀: àwọn tó ń jẹ epo nínú ilẹ̀ mẹkáníìkì, àwọn tó ń ṣe gáàsì nínú àgbá, àwọn tó ń pọn ẹ́tánọ́ọ̀lù. Gbogbo wọn ló ti wà nílẹ̀ wa kí yunifásítì tó dé, kò sí èyí tí a ní láti fi dọ́là rà nínú wọn.

Iṣẹ́ tó kù

Ohun tí kòkòrò ń fẹ́ lọ́wọ́ wa kò pọ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè bá wa ṣe é. Gbogbo abúlé mẹkáníìkì yẹ kó ní ibi tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ fún ọ́ìlì títú, pẹ̀lú dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí àti ẹni tí yóò máa wá kó o lọ fún àwọn tó ń fọ̀ ọ́ di ọ̀tun. Bàbá alága tí a bá pàdé láàárọ̀ sọ fún wa pé ẹgbẹ́ wọn ṣe tán láti dáwó tí ìjọba ìbílẹ̀ bá lè fi ọwọ́ sí i. Ilẹ̀ tó ti bàjẹ́ ńkọ́? Ìgbẹ́ adìẹ, omi àti ọkọ́ ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, ní kíákíá, kí epo tó wọlẹ̀ lọ bá omi kànga, kí a sì máa yẹ omi kànga wò lọ́dọọdún láìfi tọ́rẹ̀ẹ́ ṣe.

Ìjọba ìbílẹ̀ tó ń gba owó lọ́wọ́ alápatà lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ fi lára owó náà mọ àgbá gáàsì sí odò ẹran. Owó náà ti ọ̀dọ̀ wọn wá, ẹ̀gbin náà wà níbẹ̀, ooru oòrùn wa sì ń bá kòkòrò náà lára mu. Àwọn yàrá ìwádìí tó wà ní Ìbàdàn, Èkó, Ifẹ̀ àti Abẹ́òkúta sì nílò iná tí kì í lọ àti owó tí kì í pẹ́, kí àwo mẹ́ta ẹ̀bá fèrèsé lè di ilẹ̀ sarè mẹ́ta níta gbangba.

Tí ìwádìí bá parí sínú ìwé, ilẹ̀ mẹkáníìkì yóò máa dúdú lọ, àwọn ìyá alámàlà tó ń fi igi dáná yóò sì máa húkọ́. Mo ti rí àgbàdo tó hù látinú ilẹ̀ tí gbogbo èèyàn pè ní òkú ilẹ̀, mo sì ti rí iná tó ti inú ẹlẹ́bọ́tọ jáde se oúnjẹ jinná. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà kò gba owó oṣù, wọn kì í daṣẹ́ sílẹ̀, wọn kò sì ní kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Alága ìjọba ìbílẹ̀, olórí ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, babalọ́jà odò ẹran àti ọ̀gá yunifásítì ni àwọn tí iṣẹ́ náà ń dúró dè báyìí, ó sì yẹ kí àwa tó ń dìbò, tí à ń san owó orí, máa bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n bá a dé.